Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi ojú Odù sínú sígílì tí ó yà fúnra rẹ̀?

Akọ̀wéKubwa

Mo kí gbogbo àgbà tí ó wà níbí, mo sì kí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi ojú ọmọ tí ń fi iná ṣeré wò mí.

Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sígílì. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì ni sígílì, láti inú gbólóhùn tí ó sọ ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ni a sì ti ń yọ ọ́. A ó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, a ó pa lẹ́tà tí ó bá fara hàn lẹ́ẹ̀kejì rẹ́, a ó wá so àwọn tí ó kù mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi di àwòrán kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹjú mọ́ ọn pẹ̀lú ọkàn tí kò pín, a ó sun ún níná tàbí kí a fi í pamọ́, a ó sì gbàgbé rẹ̀.

Onílé mi ní Kubwa, ní Abuja, ti kọ ìwé fún mi pé kí n kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Iye tí wọ́n ń pe ilé ní agbègbè yìí báyìí ti kọjá ohun tí owó oṣù mi lè gbé. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ MO TI RI ILE. Nígbà tí mo pa àwọn tí ó tún ara wọn ṣe rẹ́, lẹ́tà méje ló kù: M, O, T, I, R, L àti E. Mo so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àmì náà kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo wá rántí pé awo ni bàbá tí ó bí bàbá mi ní Ọ̀yọ́, mo wá àwòrán Ogbèyẹ̀kú, ọ̀kan nínú àwọn Odù Ifá, lórí fóònù mi, mo sì ya á sí àárín sígílì náà: ìlà kọ̀ọ̀kan mẹ́rin lápá òsì, ìlà méjìméjì mẹ́rin lápá ọ̀tún. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ṣé ó tọ́ kí n da ohun méjèèjì pọ̀, àbí mo ti ṣìwà hù?

ỌmọAwoSuleja

Akọ̀wé, mo bá ọ dárò ọ̀rọ̀ ilé, Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀nà. Suleja ni mo ń gbé. Bàbá mi ni ó tẹ̀ mí nífá, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ohun tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kì í ṣe Ogbèyẹ̀kú. Apá ọ̀tún ni Ifá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ kà á bí ìwé òyìnbó, o bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá wà lósì tí méjìméjì wà lọ́tùn-ún, Ọ̀yẹ̀kú ni ó ṣáájú, Ogbè ni ó tẹ̀lé e, Odù mìíràn ni ìyẹn, ó ní ẹsẹ tirẹ̀, ó sì ní ẹbọ tirẹ̀. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àníyàn owó ilé ni ó gba oorun lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé o kọ orúkọ ẹni tí o kò pè.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ojú Odù ti ń wá. Ikin mẹ́rìndínlógún, ìyẹn èkùrọ́ tí a fi ń dá Ifá, ni awo máa ń pa mọ́ ọwọ́. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò fi ìka kan tẹ ìlà kan sínú ìyẹ̀ròsùn, ìyẹ̀fun tí a ń dà sórí ọpọ́n Ifá. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, yóò fi ìka méjì tẹ ìlà méjì. Bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, kò ní tẹ ohunkóhun, yóò tún un pa. Nígbà tí ó bá tẹ ojú mẹ́jọ pé, ọ̀kan nínú Odù 256 ti jáde. Awo kọ́ ni ó yàn án. Ó jáde ni.

Lóòótọ́, nígbà tí a bá ń ṣe àkóse, ìyẹn oògùn Ifá, a máa ń yan Odù tí a fẹ́ tẹ̀. Mo ti wo bàbá mi tí ó ń ṣe é ju bí mo ṣe lè kà lọ. Yóò da ìyẹ̀ròsùn sórí ọpọ́n, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ẹ títí yóò fi rí pẹrẹsẹ, yóò fi ìka àárín àti ìka tí ó tẹ̀lé e tẹ Odù náà. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò pe ẹsẹ náà láti orí dé ìdí, yóò dárúkọ ẹni tí a ń ṣe é fún, yóò dárúkọ ìyá onítọ̀hún pẹ̀lú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá pé ni yóò tó gbá ìyẹ̀ròsùn náà jọ, tí ìlà yóò parẹ́, tí yóò sì dà á sínú ẹ̀kọ tútù fún ẹni náà láti mu. Bí bàbá mi bá ṣì ọ̀rọ̀ kan pè, yóò tẹ́ ìyẹ̀ròsùn náà padà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i kí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo.

Ìlà tí o yà, ẹsẹ wo ni o pè sí i? Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí o má dà á pọ̀ nìyẹn. Odù tí a kò bá pe ẹsẹ rẹ̀ dà bí àgbà tí a jí lójú oorun tí a kò sì sọ ohun tí a fẹ́ fún un.

AyàwòránJos

Ẹ̀gbọ́n láti Suleja, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Akọ̀wé, ọdún keje rèé tí mo ti ń ya sígílì, mo sì fẹ́ sọ ibi tí ó ti wá, kí a má baà fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo rẹ̀.

Inú èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èdìdì. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, èdìdì ẹ̀mí ni wọ́n ń pe sígílì, nítorí pé wọ́n gbà pé ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí a fi ń pè é. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan láti bí 1600 sí 1700 ka irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ 72, wọ́n sì ya àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Austin Osman Spare, ayàwòrán kan tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, ni ó yí i padà. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1913 ni ó ti kọ́ni pé kí olúkúlùkù ya àmì tirẹ̀ láti inú gbólóhùn ìfẹ́ ọkàn ara rẹ̀. Ó kú ní 1956, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà rẹ̀ padà ní bí ọdún 1970 sí 1980, láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì ti tàn kálẹ̀. Ohun tí Akọ̀wé ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn ẹ̀mí 72.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń dùn mí. Ẹni tí ó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ronú, àwa sì gbé e wá sínú Yorùbá láìwo ohun tí ó já bọ́ lọ́nà. Akọ̀wé, wo gbólóhùn rẹ. O kọ RI láìfi àmì ohùn sí i. Ṣé o ti rí ilé ni, àbí o ti rì? O kọ ILE. Ṣé ilé ni, àbí ilẹ̀? Ìwọ mọ ohun tí o ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kọ ohun mẹ́ta mẹ́rin pọ̀. Àwọn mìíràn tún ń kọ́ni pé kí a pa gbogbo fáwẹ̀lì rẹ́, kí kọ́ńsónáǹtì nìkan ṣẹ́kù. Nínú tìrẹ, M, T, R àti L ni ìbá kù. Ní èdè wa, orí fáwẹ̀lì ni ohùn ń gùn. Bí a bá pa fáwẹ̀lì, a ti pa ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì bá mi lára mu. Ní ọjọ́ kan, níbi ìgbéyàwó kan ní Jos níhìn-ín, onídùndún kan kí bàbá ìyàwó láìya ẹnu, gbogbo wa ni a sì gbọ́ ohun tí ó sọ. Mo délé, mo gbé pẹ́ńsù. Láti ọjọ́ náà, ohùn gbólóhùn ni mo ń yà, n kì í ya lẹ́tà mọ́. Dò, ìlà tí ó sọ̀ kalẹ̀. Re, ìlà pẹrẹsẹ. Mí, ìlà tí ó gòkè. Mo máa ń sọ gbólóhùn náà sókè nígbà mẹ́ta, ọwọ́ mi yóò sì máa tẹ̀lé ẹnu mi láìgbé pẹ́ńsù kúrò lórí bébà. Ìlà kan ṣoṣo tí ń lọ sókè sódò ni ó máa ń jáde, mo sì máa ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàdé òpin rẹ̀ kí ó lè dì. Òun ni sígílì mi. Bí o bá ya MO TI RÍ ILÉ báyìí, kò lè jọ MO TI RÌ láéláé.

DíákónìLugbe

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí Kristẹni lọ́wọ́ sí ohun tí ẹ ń sọ yìí, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n má baà dà bí ẹni tí ó ń tan yín. Nínú ìgbàgbọ́ mi, ẹni tí ó bá fẹ́ ilé a máa béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba, kò sì ní bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Akọ̀wé ọmọ mi, mo ti fi orúkọ rẹ sínú àdúrà mi ní alẹ́ yìí. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà níhìn-ín.

ỌmọAlfaZaria

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ilọrin ni ilé wa, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ké kéwú. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ èdìdì láti òkè wá, ẹ kò sì tíì dárúkọ ti àríwá tí ẹ ń gbé inú rẹ̀. Hatimi ni àwọn Hausa ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí í ṣe èdìdì, tàbí òrùka tí wọ́n fi ń lu èdìdì. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn òyìnbó àti àwọn Lárúbáwá fi sọ ohun wọn lórúkọ.

Ẹ mú bébà, kí ẹ ya àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní òró, mẹ́ta ní ìbú. Ẹ kọ 4, 9, 2 sí òkè. 3, 5, 7 sí àárín. 8, 1, 6 sí ìsàlẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, láti igun dé igun: 15 ni gbogbo rẹ̀. Ìpìlẹ̀ hatimi nìyẹn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù a máa ṣe títóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: bí a bá ro lẹ́tà orúkọ Allāhu pọ̀, 66 ni, a sì lè to àpótí tí gbogbo ìlà rẹ̀ yóò jẹ́ 66. Ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ náà. Muhammad ibn Muhammad, Fúlàní láti Katsina, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí 1732 lórí bí a ṣe ń to àpótí tí iye ìlà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, ìlú Kairo ni ó sì kú sí ní 1741. Àpótí oní-15 yìí kan náà wà nínú ìwé Agrippa, ará Jámánì, tí ó jáde ní 1533, níbi tí ó ti fi í fún ìràwọ̀ Saturn. Àwọn òyìnbó a máa sọ lẹ́tà orúkọ di nọ́ńbà, wọn a sì fa ìlà láti nọ́ńbà kan dé òmíràn nínú àpótí náà. Ìlà tí ó bá jáde ni sígílì orúkọ náà. Arábìnrin Jos, ẹ wò ó bí ó ti súnmọ́ ohun tí ẹ ń fi ohùn ṣe.

Mo gbe ẹ̀gbọ́n Suleja lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Olùkọ́ mi ní Zaria a máa kọ hàǹtú, ìyẹn ẹsẹ Kùránì tí a ń fi omi fọ̀, sára wàláà pẹ̀lú tàdáwà, yíǹkì tí òun fúnra rẹ̀ sè, kàlámù rẹ̀ a sì máa dún wẹ́wẹ́ lórí igi náà. Èmi ni mo máa ń di igbá mú nígbà tí ó bá ń fi omi fọ̀ ọ́. Bí ó ti ń kọ ni ó ń kà, kò jẹ́ fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò kà. Ó máa ń sọ fún wa pé nọ́ńbà kò lágbára, Ẹni tí ó ni orúkọ ni ó lágbára. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ àlùfáà ni kò fara mọ́ hatimi rárá, tí wọ́n ka á sí ẹbọ, mo sì ní ẹ̀gbọ́n kan nílé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kó o wọ yàrá òun.

ÌyáAláṣọWuse

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ẹ kò tíì sọ, òun ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Ní ilé tí mo ti gbé rí ní Nyanya, ọmọbìnrin kan wà tí ó ń ya irú nǹkan báyìí sínú ìwé kékeré kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ aládùúgbò kan ṣàìsàn, ìyá ọmọ náà rí ìwé yẹn lórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, wọ́n sì pe ọmọbìnrin náà ní àjẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àpótí aṣọ rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ ti wà ní ìta gbangba. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà mi, n kò sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ibà ni ó ń ṣe ọmọ náà, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lọ wá ọmọbìnrin yẹn padà.

Akọ̀wé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kì í ṣe ibi tí a ń lẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá nígbà tí onílé ti ń wá ẹ̀sùn. Àwọn kan ní ìlú òyìnbó ń fi ìgboyà pe ara wọn ní ohun tí àwa ń túmọ̀ sí àjẹ́, wọ́n sì pè é ní ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí tiwọn wà ní ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà lè lé ènìyàn kúrò nílé.

DíákónìLugbe

Ìyá, ẹ ṣeun. Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn yín gbọingbọin. Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Penal Code, òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn sí ọ̀ràn, bákan náà ni ó sì ka pípe ara ẹni ní àjẹ́ sí ọ̀ràn. Mo ti sọ ọ́ nínú ìjọ wa, n ó sì tún un sọ.

AyàwòránJos

Ìyá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ní tòótọ́, òyìnbó náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba títí wọ́n fi pa òfin àtijọ́ tí ó lòdì sí i rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951. Gerald Gardner, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1954. Èmi kò pe ara mi ní àjẹ́ rí, inú àpótí onítìtì ni mo sì ń kó gbogbo sígílì mi sí.

Nọ́ọ̀sìGwarinpa

Ọ̀rọ̀ ránpẹ́ ni tèmi. Tàdáwà tí àwọn àlùfáà ń sè láti inú èédú àti gọ́ọ̀mù igi yàtọ̀ sí yíǹkì bírò àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo ti tọ́jú àwọn tí wọ́n ra àmì lórí fóònù, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, tí wọ́n sì mu ún. Ẹ jọ̀wọ́, kí aboyún àti ọmọdé má ṣe dán an wò.

Akọ̀wéKubwa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá, mo ti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní alẹ́ àná, kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín tán pàápàá.

Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Spare ní kí n gbàgbé gbólóhùn náà. Ẹ̀gbọ́n Suleja ní ọ̀rọ̀ ni ó ni agbára, kí n má jẹ́ kí ó bọ́. Èwo ni kí n ṣe?

ỌmọAwoSuleja

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà gan-an ni o fi ọwọ́ kàn. Nínú tiwọn, ọ̀rọ̀ ń parẹ́, àmì ń dúró. Nínú tiwa, ìyẹ̀ròsùn ń parẹ́, ọ̀rọ̀ ń dúró, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tí ó ń pè é. Ẹnu àwọn tí ó ti kú ni ó ti bọ́ sí ẹnu rẹ̀. Mo fara balẹ̀ rò ó, mo sì rí i pé n kò lè sọ pé sígílì kò dára. Ohun tí mo lè sọ ni pé ohun tí ènìyàn dá fúnra rẹ̀, òun ni ó láṣẹ láti gbàgbé. Odù kì í ṣe tìrẹ láti gbàgbé. Fi omi tútù fọ ìlà yẹn kúrò, da omi náà sílẹ̀, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé àìmọ̀ ni. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí Ifá sọ nípa ilé, wá sí Suleja ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí a dá a. N kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wá owó ilé.

AyàwòránJos

Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n n ó tún fi ohun kan kún un. Èmi kì í lè gbàgbé, n kò sì fi ipá mú ara mi mọ́. Ẹni tí oṣù mẹ́ta péré kù fún, báwo ni yóò ṣe gbàgbé ilé? Ohun tí mo ń gbìyànjú láti ṣe ni kí n má máa dá a rò ṣáá. Bí mo bá ti ya á tán, mo máa ń dìde lọ ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà.

Akọ̀wéKubwa

Mo ti fọ̀ ọ́. Mo fi àwo funfun kékeré kan ṣe é, yíǹkì náà pọ́n omi díẹ̀, mo da á sí ìdí máńgòrò tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì tọrọ àforíjì bí ẹ ṣe ní kí n sọ. Lẹ́yìn náà ni mo pe àwọn aṣojú onílé méjì, ọ̀kan ní Dutse Alhaji, ọ̀kan ní Byazhin, n ó sì lọ wo ilé ní ọ̀sán ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa retí mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní òru yìí ni mo tó ya tuntun, láìsí ojú Odù nínú rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: MO TI RÍ ILÉ. Mo sọ ọ́ sókè nígbà mẹ́ta, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi tẹ̀lé e: pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ, òkè, pẹrẹsẹ, òkè.